Mọ́tò Kì í Ṣe Géètì

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà wẹ́dà ní Mushin bí molue ṣe délé ayé. Molue tí gbogbo Èkó gùn, tí gbogbo Èkó bú, tí wọ́n sì tún ń sáré lé kiri ní Ojúẹlẹ́gba, Fádéyí àti Òṣòdì, kì í ṣe bó ṣe rí yẹn ló ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Mercedes 911 ni ìdí rẹ̀, lọ́rì akẹ́rù sì ni àwọn ará Jámánì ṣe é sí. Nọ́ńbà yẹn pàápàá ní ìtumọ̀: 9 yẹn ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n pọ̀, 11 yẹn ni agbára ẹṣin 110 tó wà nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì, ṣásì, táyà àti sítíárìn ló ń bá dé. Ìyókù, títí dé ibi tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń so rọ̀ sí, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló ti jáde: áńgùlù, páìpù, páànù, pákó, àti ọ̀dà yẹ́lò onílà dúdú méjì.

Ṣáájú ìyẹn, bọ́lẹ̀kájà ló wà. Káfíńtà ló ń kan bọ́dì tirẹ̀, igi ni, lórí ṣásì Bedford tàbí Austin. Àwọn èrò á jókòó dojú kọ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ méjì á sì máa pe ara wọn níjà nítorí èrò kan ṣoṣo, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní "bọ́ sílẹ̀ ká jà". Nígbà tí irin gba ipò igi, wẹ́dà gba ipò káfíńtà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Tépù, ṣọ́ọ̀kì, okùn, àti ojú tó mọ ohun tó ń wò ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe lánàá ni wọ́n ń wò ṣe tòní. Ọkọ̀ tí òyìnbó ṣe fún yanrìn àti sìmẹ́ńtì, àwọn sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò, èrò sì kún un fọ́fọ́, àwọn tó jókòó, àwọn tó dúró, àti àwọn tí kò jókòó tí kò sì dúró. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò mọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ta ló wọ molue rí tí kò bẹ̀rù kí etí páànù fa aṣọ rẹ̀ ya? Ta ni kò tíì jókòó lórí ìjókòó tí irin ìdí rẹ̀ já, tí wọ́n tún un jó, tó tún já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o? Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní.

Láti 17 March 2008 tí ọkọ̀ BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS, molue ti ń dínkù ní títì. Àwọn ọwọ́ tó kàn án kò parẹ́. Géètì, irin ojú fèrèsé àti irin táńkì omi ni púpọ̀ nínú wọn gbájú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fíìmù lórí fóònù kò yé wá bá wọn pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi jó fírémù mọ́tò?" Ẹ̀gbọ́n á ní: "Àbúrò, kí ni kò ṣeé jó níbẹ̀? Ṣé irin kọ́ ni?" Irin ni lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àlá pé kí èèyàn to mọ́tò nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kit car ni wọ́n ń pè é. Ní 1957, Colin Chapman tó ni Lotus gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tó pè ní Seven. Ẹni tó bá ra odindi ń san owó orí fún ìjọba. Ẹni tó bá rà á ní wẹ́wẹ́ nínú àpótí, tó lọ fi sípánà tò ó fúnra rẹ̀, owó orí yẹn kò kàn án. Ìjọba wá ní òun kò fẹ́ rí ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú àpótí náà. Wọ́n ní ńṣe ni Chapman kọ ìwé bí wọ́n ṣe ń tú u, kí oníbàárà kàn máa kà á láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Họ́wù! Ọgbọ́n Ìjàpá rèé lọ́dọ̀ òyìnbó. Àyípadà owó orí ti 1973 ló dí ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn, ṣùgbọ́n títo mọ́tò nílé kò dúró níbẹ̀.

Ìjàpá gidi náà sì wà, ìyẹn Volkswagen tí àwọn èèyàn wa sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gọ̀mbọ̀. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, ti ń tò ó níbí nígbà náà. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò nílé fẹ́ràn rẹ̀ káàkiri àgbáyé ni pé bóòtù ni wọ́n fi di èèpo rẹ̀ mọ́ pẹpẹ irin ìsàlẹ̀. Ẹ tú bóòtù, ẹ gbé èèpo kúrò, ẹ́ńjìnì, jíà àti táyà á ṣì wà lórí pẹpẹ náà láìmira. Bruce Meyers, ará California ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ Meyers Manx ní 1964, di ẹni tó ń gé ohun tó lé ní ínǹṣì 14 kúrò nínú pẹpẹ Ìjàpá, tó ń jó méjèèjì pa dà pọ̀, kí ọkọ̀ náà lè kúrú tó fún eré lórí yanrìn etí òkun.

Nílé níbí ńkọ́? Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú Ìjàpá kan, ó gbé pánẹ́lì tó ń gba agbára oòrùn lé e lórí, ó fi fáànù tó ń gba agbára afẹ́fẹ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ fi ń kún. Gbogbo ayé pariwo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ irin mọ̀ pé ibòmíràn ni òógùn wà: pánẹ́lì wúwo, ó sì ní láti fi sọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó lágbára gan-an sí ìdí ọkọ̀ náà kó tó lè rù ú.

Wàyí o, géètì àti mọ́tò. Géètì dúró sójú kan. Wọ́n ṣí i láàárọ̀, wọ́n tì í lálẹ́, ó parí. Bí ibi tí wọ́n ti jó o bá dà bí ìgbẹ́ adìẹ, tí ó ṣófo nínú, ó lè lo ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mọ́tò kì í sinmi. Gbogbo kòtò Ìtìrè, gbogbo gegele tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ sójú títì, fírémù ló ń jẹ ẹ́. Ẹ mú wáyà kan, ẹ máa ṣẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ní já lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dákẹ́, á gbóná, á já. Kò sí alágbára kankan tó já a, àárẹ̀ ló mú un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin ìdí ìjókòó molue ṣe ń já. Iná wẹ́dà ti yí ara irin ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pa dà, kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, níbẹ̀ ni àárẹ̀ ti kọ́kọ́ ń mú un.

Páìpù ni ká kọ́kọ́ mú. Nínú ìwé tí Ron Champion gbé jáde ní 1996 fún àwọn tó fẹ́ ṣe irú ọkọ̀ Seven yẹn nílé, páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní ínǹṣì kan, tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 1.6, ló fi ṣe fírémù. Kékeré, àbí? Ẹni tó bá lọ sí Owódé Onírin á rí páìpù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ sì rọjú dáadáa, á rò pé òun jẹ ọjà. Kó wo ẹnu rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ojú wọn jọra, inú wọn yàtọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páálí, irin fèrèsé ni, kì í ṣe irin mọ́tò. Kí oníbàárà mú kálípà lọ́wọ́ lọ, kí ojú má tì í láti wọ̀n ọ́n níwájú ọlọ́jà.

Bí páìpù kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé mọ́tò kò ju ọgbọ́n kan lọ. Ẹ fi igi mẹ́rin kan ojú fèrèsé, kí ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ́. Ẹ fi igi karùn-ún dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, ẹ tún tì í. Kò níí lọ síbì kan. Fírémù tó dára, igun mẹ́ta ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá rí igun mẹ́rin lásán nínú fírémù mọ́tò, kó béèrè igi karùn-ún lọ́wọ́ wẹ́dà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìkánjú. Irin tí iná bá kàn á fẹ̀, bó bá ń tutù á súnkì, á sì fa ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá jó igun kan tán pátápátá kó tó kan òmíràn, á bá a pé igun kẹrin kò wọlé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́: "Tákì ẹ̀ ná! Ta ló ní kí o jó o tán?" Ọmọ iṣẹ́ á ní: "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Títákì ni pé kí iná kàn fi ẹnu kàn án ní ibi méjì mẹ́ta, tó lè dì í mú, tó sì ṣeé ṣẹ́ bí ó bá wọ́. Lẹ́yìn náà ni tépù á lọ láti igun iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, á tún lọ láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, mọ́tò yẹn á máa rìn bí akàn, á máa jẹ táyà, ẹni tó ń wà á á sì máa bá sítíárìn jìjàkadì títí dé Yaba. Ilẹ̀ àgbàlá kì í sì í tẹ́jú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ to irin ńlá tàbí pákó tó nípọn sílẹ̀ bíi tábìlì, á fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó, kó tó gbé páìpù kankan lé e. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni tábìlì yẹn, oníbàárà kò sì ní fẹ́ san owó rẹ̀. Kó san án.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Ẹ̀rọ ìjórin ńlá àtijọ́ yẹn, bó bá ti ké, gílóòbù gbogbo ilé á ṣẹ́jú, ìyá onílé á yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ̀yin wẹ́dà, ṣé ẹ fẹ́ jó fíríìjì wa ni?" "Ẹ má bínú, mà, a ti fẹ́ẹ̀ ṣe tán." Èyí tó burú jù ni pé bí iná NEPA bá rẹlẹ̀, (NEPA ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n kí la tún fẹ́ pè é?) ooru kò ní wọ inú irin. Ohun tí wẹ́dà yọ́ á kàn jókòó sórí bí abẹ́là tó kán sórí tábìlì. Ó ń dán, ó lẹ́wà, kò sì di nǹkan kan mú. Bí iná bá tún pọ̀ jù, á lu páìpù já. Ẹ̀rọ kékeré òde òní tí èèyàn lè gbé kọ́ èjìká rọrùn láti dárí ju ti àtijọ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ tó lágbára tó sì lè gbé e. Ọ̀pá ìjórin náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Géèjì 12 ló wà fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, géèjì 10 fún èyí tó nípọn. Èyí tí òjò Èkó bá ti rin, tó ti wà ní ìta láti oṣù June, ihò wẹ́wẹ́ ló máa ń fi sínú iṣẹ́ bíi ti búrẹ́dì. Inú gbígbẹ ni kó máa wà.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó mú? Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ó ti mú." Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á ní, "Gbé òòlù wá." Wọn kò ní fi òòlù lu fírémù o. Àjákù páìpù kan náà ni wọ́n á kọ́kọ́ jó pọ̀, pẹ̀lú iná kan náà àti ọ̀pá ìjórin kan náà, wọ́n á dè é mọ́ fáìsì, wọ́n á lù ú títí yóò fi ṣẹ́. Bó bá jẹ́ ara páìpù ló ya, iṣẹ́ dára. Bó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó ló là, tí ìdàrọ́ dúdú sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n yí iná pa dà, kí wọ́n tún un ṣe. Àjákù páìpù mẹ́ta péré ló ń ná èèyàn. Ó yani lẹ́nu pé wẹ́dà tó ń ṣe é kò pọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń wá láti inú ọ̀ṣọ́. Wẹ́dà géètì fẹ́ kí iṣẹ́ òun dán, á gbé fáílìn mọṣíìnì, á ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú bíi dígí, oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín. Lára géètì, kò burú. Lára mọ́tò, irin tó yẹ kó di ẹ̀mí èèyàn mú ló ti ha dànù yẹn.

Ti Ìjàpá yàtọ̀ díẹ̀. Ìpẹtà ló ń bá a jà. Kí wọ́n tó jó ohunkóhun mọ́ pẹpẹ rẹ̀, kí wọ́n fi ìdí ṣáńkò gún un káàkiri, pàápàá lábẹ́ ibi tí bátìrì ń jókòó sí, nítorí omi bátìrì ń jẹ irin ibẹ̀. Nọ́ńbà ṣásì rẹ̀ wà lára irin àárín tó yọ gègé, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gé ibẹ̀ tàbí tó jó nǹkan bò ó ti ba ìwé ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀, ọlọ́pàá tó bá sì dá a dúró kò ní gbọ́ àlàyé pé iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Àwọn ibì kan wà tí wẹ́dà àdúgbò kò gbọdọ̀ fi iná kàn, bó ti wù kó gbówọ́ tó: ọ̀pá sítíárìn, apá tó gbé táyà, àti ohunkóhun tó bá bíréèkì tan. Àwọn kan á bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní ọdún mélòó làwọn ti ń jó ọ̀pá sítíárìn dánfó, kò sì já. Àwọn tó já kò sí nílé mọ́ láti wá sọ tiwọn. Ládípọ̀ kò jìnnà sí Mushin. Odindi tó mọ́ ni kí wọ́n lọ rà, kí wọ́n fi bóòtù dè é.

Ẹ̀mí wẹ́dà náà tún wà ńbẹ̀. Táńkì epo tó ṣófo burú ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín bẹntiróòlù tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Wọn kì í jó nǹkan mọ́ ọn, wọn kì í sì í gbé e sítòsí iná. Kí wọ́n yọ ẹnu bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Páìpù omi tó ń dán, tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín funfun rẹ̀ ń fa ibà àti òtútù lálẹ́, mílíìkì inú agolo tí àwọn wẹ́dà ń mu lé e kò sì ń fọ èéfín kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni; afẹ́fẹ́ ìta gbangba ló ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ojú ńkọ́? Awò oòrùn tí wọ́n rà ní Ojúẹlẹ́gba kì í ṣe awò wẹ́dà. Ojú tí iná bá mú kì í tètè dun èèyàn, á di òru kó tó dà bíi pé wọ́n da yanrìn sí i. Àwọn ọmọdé ilé tó ń dúró wo ìmọ́lẹ̀ náà, tiwọn náà ń bàjẹ́. Kí wọ́n lé wọn sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n ta aṣọ tó nípọn.

Bí fírémù bá ti tutù, títò rẹ̀ rọrùn fún ẹni tó bá ní sùúrù. Ẹ́ńjìnì kì í jókòó lórí irin lásán, rọ́bà ló ń wà láàárín. Ohun tó bá ṣeé fi bóòtù dè, bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á fẹ́ tú u. Kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ wò láìkùn ún ní ọ̀dà, kí ẹni tó máa wà á jókòó, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó yí sítíárìn tọ̀tún tòsì, kí wọ́n wò ó bóyá táyà ń ha fírémù.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò àfọwọ́tò kì í dé títì láìjẹ́ pé ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 2009, àyẹ̀wò IVA ni wọ́n ń pè é. Ní Èkó, LACVIS ló ń yẹ ọkọ̀ wò báyìí, bíréèkì, iná àti sọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ wọn kò ní wo inú ibi tí wẹ́dà jó. Oníṣẹ́ àti oníbàárà ni yóò wò ó fúnra wọn, nílé, kí ọ̀dà tó bò ó. Kí wọ́n wọn fírémù láti igun dé igun, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà sára ògiri. Kí wọ́n di yanrìn sínú àpò, tó wúwo tó èèyàn mẹ́rin àti ẹrù wọn, kí wọ́n kó o sí ibi tí ìjókòó máa wà. Kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, pẹ̀lú yanrìn náà lórí rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé. Bí nọ́ńbà bá ti yàtọ̀ sí ti ara ògiri, kí wọ́n má tíì ra ọ̀dà.